Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ṣe máàpù Àjàṣẹ́: ẹ dá orúkọ àdúgbò wa padà

Sí ọ̀gá àti gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ṣe máàpù orí fóònù tí àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń lò,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mi ò ní dárúkọ yín níbí, torí kì í ṣe láti bà yín lórúkọ jẹ́ ni mo ṣe kọ̀wé. Ẹ mọ ara yín, àwọn tó ń lo máàpù yín náà sì mọ̀ yín.

Ẹ kọ́kọ́ gbé àtúnṣe kan jáde tó da àmì bo gbogbo ìlú: famasí, ilé ìfowópamọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù, ilé oúnjẹ, ẹ̀rọ omi, àwọn alágbàfọ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn pariwo pé àwọn ò rí ọ̀nà mọ́. Ẹ gbọ́ ariwo náà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ wá ṣe sí i ni pé ẹ yọ orúkọ kúrò: orúkọ agboolé, orúkọ àwọn gbàgede àtijọ́, orúkọ àdúgbò kéékèèké tí kò sí nínú ìwé ìjọba. Ẹ ní àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí máàpù há. Àmì àwọn oníṣòwò ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀ digbí. Ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Akọ-pátákó ni mí. Ohun tí mo fi ń jẹun ni kí n fi ọ̀rọ̀ sí ibi tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ẹni tó ń sáré kọjá lórí zem, ọ̀kadà tiwa níbí, sì rí i kà. Bí ẹ bá ń bèèrè pé kí ló kan akọ-pátákó nínú ọ̀rọ̀ máàpù, ó kàn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n to ẹjọ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ohun tí a fi ń mọ̀nà ni ẹ yọ.

Olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin ni Àjàṣẹ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà níbẹ̀, ìkànìyàn ọdún 2013 sì ka 264,320 èèyàn sínú arrondissement (ẹkùn ìlú) márààrún rẹ̀. Síbẹ̀, a kì í fi nọ́ńbà ojúlé júwe ilé fún ara wa. Nọ́ńbà carré, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fún ilẹ̀, wà lórí ìwé ilẹ̀ àti ìwé iná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún oní-zem kí ẹ wo bí yóò ṣe wò yín. Orúkọ àdúgbò ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ, Attakè tàbí Oganla tàbí Accron. Lẹ́yìn náà ẹ ó dárúkọ agboolé tàbí gbàgede tó wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ẹ ó sọ pé lẹ́yìn ògiri báyìí, kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń din àkàrà. Bí a ṣe ń mọ ilé ara wa nìyẹn kí fóònù tó dé, òun náà la sì ń bá bọ̀ lónìí.

Ẹ yọ ìpele àárín nínú ìjúwe yẹn. Kì í tún ṣe pé ẹ fi pamọ́ kó lè jáde bí èèyàn bá sún mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ́ pátápátá. Èèyàn lè sún mọ́ Àjàṣẹ́ lórí máàpù yín títí yóò fi máa wo òrùlé páànù ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní rí orúkọ agboolé kankan níbẹ̀, àfi ti ṣọ́ọ̀bù tó ń ta tẹlifíṣọ̀n. Àlejò tó bá wá kí ẹbí ìyá rẹ̀ yóò rí ibi tó ti lè ra tẹlifíṣọ̀n.

2. Pé nǹkan pọ̀ kọ́ ló ń fa wúruwùru.

Ibi tí ẹ ti ṣìnà nìyí, màá sì dúró lé e lórí. Ẹ rò pé bí ohun tó wà nínú máàpù bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe há tó, àti pé bí ẹ bá ti dín in kù, yóò mọ́. Oníbàárà mi kan, onídìrí, ní kí n kọ gbogbo iṣẹ́ òun sórí pátákó: irun dídì, irun fífọ̀, èékánná, àtíkè, aṣọ ìyàwó fún yíyá, káàdì fóònù, omi tútù. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe. Mi ò yọ ìkankan. Mo kọ "Coiffure" gàdàgbà sórí pátákó tó kọjú sí títì, mo ya orí obìnrin kan sí i. Mo kọ irú irun tó ń dì àti aṣọ ìyàwó sára ilẹ̀kùn. Iye owó àti gbogbo ìyókù wọnú ilé, sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Ẹni tó wà lórí zem mọ̀ pé onídìrí wà níbẹ̀. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ mọ irú irun tó ń dì. Ẹni tó wọlé mọ iye tí yóò san. Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà gbé wá kò dín ní ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ojú kò há.

Máàpù orí fóònù tún ní ohun tí pátákó mi kò ní: òun fúnra rẹ̀ lè yí padà bí èèyàn ṣe ń sún mọ́ ọn. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun rárá. Láti 1996 ni Ben Shneiderman, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ti là á kalẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ fi gbogbo rẹ̀ hàn lápapọ̀, kí a jẹ́ kí èèyàn sún mọ́ ohun tó fẹ́ kó sì ṣà á, kí kúlẹ̀kúlẹ̀ wá jáde nígbà tó bá bèèrè. Ẹ̀yin gbé kúlẹ̀kúlẹ̀ síwájú, ẹ wá ń wá ẹni tí ẹ máa lé jáde.

Bó bá jẹ́ pé yíyọ náà ló kàn, ẹ wo bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ń yọ. Harry Beck ń ya àwòrán iná mànàmáná fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931 ó ya máàpù tuntun fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó di 1933 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ fún ará ìlú. Ó yọ títì orí ilẹ̀. Ó yọ kọ́rọkọ̀rọ ojú irin, ó sọ gbogbo rẹ̀ di ìlà gbọọrọ. Kódà kò bìkítà mọ́ bí ibùdókọ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì lórí ilẹ̀ gan-an. Nínú gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀, odò Thames nìkan ló ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan orúkọ ibùdókọ̀, torí orúkọ ni èrò ọkọ̀ ń wá. Ẹ̀yin fi ohun tí èèyàn kò wá sílẹ̀, ẹ yọ orúkọ.

3. Ẹ ṣírò ìka.

Ẹ mọ ìṣirò yìí jù mí lọ, àmọ́ àwọn tó ń bá wa ka lẹ́tà yìí lè má mọ̀ ọ́n, nítorí wọn ni mo ṣe fẹ́ ṣe é síta. Onígun mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n ń tò pọ̀ di máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 256 pixel ní ìbú àti ní òró (pixel ni ẹyọ tóótòòtó tí a fi ń wọn ojú fóònù). Ní ìwọ̀n ìsúnmọ́ 0, gbogbo ayé wọ inú ẹyọ kan ṣoṣo. Bí a bá ti gun orí ìwọ̀n kan sí i, ohun gbogbo á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ní Àjàṣẹ́ níbí, tí a bá wà ní ìwọ̀n 12, pixel kan dúró fún nǹkan bíi mítà 38 lórí ilẹ̀, ojú fóònù tó fẹ̀ tó 360 pixel yóò sì gba kìlómítà mẹ́tàlá ó lé díẹ̀: gbogbo ìlú wọ ojú kan. Ní ìwọ̀n 16, pixel kan kò ju mítà 2.4 lọ, ojú fóònù kan náà yóò sì gba nǹkan bíi mítà 850.

Ẹ wá mú ìka wá. Àwọn tó ń ṣe Android ní kí ohun tí a máa tẹ̀ má kéré sí 48 ní ìbú àti ní òró, ní irú pixel tí a fi ń ṣírò yìí. Apple ní 44. Ẹ fi 48 yẹn lu iye mítà tó wà nínú pixel kan ní ìwọ̀n 16, ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 115 lórí ilẹ̀. Ẹ fi lu ti ìwọ̀n 12, ó ti sún mọ́ kìlómítà méjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí gbogbo ìlú bá wà lójú fóònù, ìka kan ṣoṣo bo kìlómítà méjì, ohun kan ṣoṣo ló sì yẹ kó ṣeé tẹ̀ láàárín ibẹ̀. Mo ka àmì tí ẹ tò sórí ọjà Ouando ní ìwọ̀n yẹn títí ó fi sú mi. Wọ́n gun ara wọn lórí, kò sí èyí tí mo lè tẹ̀ tí èkejì kò ní dáhùn.

Nítorí náà, ìwọ̀n ìsúnmọ́ fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó yẹ kó hàn. Ní 12, ọ̀sà, afárá, ọ̀nà Kùtọnu, ọ̀nà tó lọ sí Sakété àti Pobè, ọjà Ouando, ó tó. Ní 14, orúkọ àdúgbò ńláńlá, ilé ìwòsàn, àwọn musée (ilé ìṣẹ̀ǹbáyé). Ní 16, agboolé, gbàgede, famasí, ẹ̀rọ omi. Ẹni tó bá dé 18, níbi tí pixel kan kò ju ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ lè fi alágbàfọ̀ hàn án nígbà yẹn. Mi ò sọ pé bí mo ṣe tò ó yìí nìkan ló tọ́. Mo sọ pé ó yẹ kí ìtò kan wà.

Ẹ lè ní ẹ ti ṣe nǹkan sí i, pé ẹ ti kó àwọn àmì tó sún mọ́ra jọ sábẹ́ ẹyọ kan tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Mo rí i. Ṣùgbọ́n kí ni kí n fi nọ́ńbà 41 ṣe lórí Ouando, nígbà tó jẹ́ pé famasí, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ omi àti ẹni tó ń ta táyà ni ẹ kà pọ̀? Irú kan náà ni a ń kó jọ. Famasí mẹ́ta, mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ohun kan tún wà tó jọ mọ́ ìka. Bí èèyàn bá tẹ àmì kan, àpótí funfun kan á là jáde láàárín máàpù pẹ̀lú fọ́tò, ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìyìn, yóò sì bo ọ̀nà tí ẹni náà ń wò. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú fóònù. Kó kọ́kọ́ gba ìlà méjì péré, orúkọ àti aago tí wọ́n ń ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fà á sókè.

4. Ẹ má gbé iṣẹ́ yín lé wa lórí.

Ìdáhùn tí ẹ fún àwọn tó kọ́kọ́ ráhùn ni pé kí wọ́n lọ sínú sẹ́tíǹgì, pé bọ́tìnì wà níbẹ̀ fún oríṣi ohun kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú tan èyí tó fẹ́ kó sì pa èyí tí kò fẹ́. Mo lọ wo ibẹ̀. Bọ́tìnì tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ wọn jẹ́ ti ọ́fíìsì, wọ́n sì ti tan gbogbo wọn sílẹ̀ kí n tó dé. Ìyá tó ń ru ẹrù bọ̀ láti ọjà kò ní àyè láti máa pa bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe gbé e fún un ni yóò ṣe lò ó. Nítorí náà, bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ ni iṣẹ́ yín gan-an. Sẹ́tíǹgì jẹ́ fún ìwọ̀nba èèyàn tó fẹ́ràn láti máa tú nǹkan wò, bíi tèmi. Ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ fi bọ́tìnì mẹ́rin tàbí márùn-ún síta lókè máàpù, kó hàn gbangba: ìlera, omi, ọjà, ọkọ̀. Ẹni tó bá tẹ "ìlera" yóò rí ti ìlera nìkan títí yóò fi pa á.

5. Àkókò wà nínú máàpù.

Èyí ló dùn mí jù. Ìdí ni pé bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ohun tí ẹ máa fi hàn yóò pọ̀ sí i, ojú máàpù yóò sì tún mọ́ sí i.

Ẹ mú famasí. Ní òru àti lọ́jọ́ Àìkú, àwọn famasí máa ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ṣí, àwọn yòókù á tilẹ̀kùn. Lórí máàpù yín, gbogbo àgbélébùú aláwọ̀ ewé ló ń tàn bákan náà ní aago méjì òru. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná yóò gun zem lọ síbi kìíní, á bá ilẹ̀kùn ní títì, á tún lọ síbi kejì. Ẹ jẹ́ kí èyí tó ti tilẹ̀kùn ṣá títí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, kí èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàn. Ẹ kò fi ohunkóhun kún un, ẹ kò yọ ohunkóhun.

Ẹ mú ọjà. Ọjà ńlá Adjarra, nítòsí wa níbí, kì í ná lójoojúmọ́. Ọrọọrún ló ń ná, bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, èyí tó tẹ̀lé e á bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, tìyẹn á bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀rọ yín mọ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nìkan, ẹ sì kọ síbẹ̀ pé ọjà náà "ń ṣí lójoojúmọ́". Ọmọdé tó bá lè ka ẹẹ́rin-ẹẹ́rin lè ṣe ìṣirò yìí. Kọ̀ǹpútà kò ní kú bí ó bá ṣe é. Lọ́jọ́ ọjà, kí àmì rẹ̀ tóbi, kí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ hàn pé yóò kún. Lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kó kéré. Àwọn tó ń gbé ìlù àti ìkòkò wá tà níbẹ̀ yóò kí yín.

Ẹ mú omi òjò. Àwọn ilẹ̀ tó tẹ́ sísàlẹ̀ wà láàárín ìlú wa, Zounvi àti Donoukin jẹ́ méjì nínú wọn, níbi tí omi máa ń dúró sí. Oṣù kẹfà ni òjò ńlá máa ń le jù. Nígbà tó bá tún di ìgbà àrọ̀kúrò, òjò tó rọ̀ lápá àríwá yóò ti gba odò Ouémé sọ̀ kalẹ̀, omi yóò máa wú sókè kódà nígbà tí òjò kò rọ̀ níbí. Ní àwọn oṣù yẹn, ẹ da àmì onírúurú bo ibẹ̀: ìkán omi, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta, ẹni tó gbé agbòòrùn. Ẹ yọ gbogbo wọn. Ẹ fi àwọ̀ omi tó rọ̀ kun ibi tí omi wà, lábẹ́ ọ̀nà, kì í ṣe lórí rẹ̀. Ẹ gé ìlà ọ̀nà tí kò ṣeé gbà sí wẹ́wẹ́. Ojú á mọ̀ ọ́n láìka nǹkan kan. Lẹ́yìn tí onígbáméjì pa èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854, Dókítà John Snow ya máàpù àdúgbò Broad Street. Lórí títì tó yà, ohun méjì ló fi hàn: ibi tí èèyàn ti kú, àti ibi tí ẹ̀rọ omi wà. Ẹni tó bá wò ó rí i bí òkú ṣe kó jọ yí ẹ̀rọ omi kan ká. Bó bá fi ilé ìfowópamọ́ kún un ńkọ́?

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kí ìpele omi yẹn lọ sùn fúnra rẹ̀. Kò sí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ máa wò ó ní oṣù kìíní.

6. Àwọ̀.

Jacques Bertin, ará Faransé tó kọ̀wé lórí bí àmì ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ojú, ti to ohun tí ayàwòrán lè fi ya nǹkan sọ́tọ̀ ní 1967: ibi tí a fi í sí, títóbi rẹ̀, ṣíṣókùnkùn rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe rí, àwọ̀, ìhà tó kọjú sí, ìrísí. Nínú gbogbo wọn, àwọ̀ nìkan ni ẹ mú, gbogbo rẹ̀ sì ń pariwo. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ojú wọn kì í ya pupa kúrò lára àwọ̀ ewé. Ẹ tún jáde lọ síta ní ọ̀sán gangan, kí ẹ gbé fóònù olówó pọ́ọ́kú sábẹ́ oòrùn, kí ẹ wo ohun tó kù nínú àwọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ àti ilé ṣá, kí ọ̀nà funfun, kí àwọ̀ tó le jẹ́ ti ohun tí èèyàn bèèrè fún nìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, kọ́, èyí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia ní Brazil, ẹ ya àwòrán rẹ̀ gan-an sí i, kékeré. Gbogbo ìlú ló ń fi ilé yẹn júwe ọ̀nà. Àmì òṣùpá tí ẹ fi sí gbogbo mọ́ṣáláṣí yòókù náà ni ẹ fi sí i, ẹni tó ń wá a kò sì lè yà á sọ́tọ̀.

7. Àmì olówó.

Ṣọ́ọ̀bù tó bá sanwó fún yín ń hàn láti ìwọ̀n 12, ó tóbi ju ilé ìwòsàn lọ, orúkọ rẹ̀ sì ń bo ti àdúgbò tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ jẹun, èmi náà ń gba owó kí n tó kọ pátákó. Ṣùgbọ́n kò sí owó tí ẹnì kan lè san fún mi kí n kọ́ pátákó rẹ̀ sí iwájú ti ilé ìwòsàn. Kí àmì olówó tẹ̀lé òfin tí ti gbogbo èèyàn ń tẹ̀lé, ní ìwọ̀n tó kàn án.

8. Orúkọ mẹ́ta.

Ẹ ní ìdí mìíràn tí ẹ fi yọ orúkọ ni pé ibì kan lè ní orúkọ Yorùbá, ti Gùn àti ti Faransé. Òótọ́ ni, ìlú wa fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Àjàṣẹ́, Hogbonou àti Porto-Novo. Ta ló wá ní kí ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn lórí? Lórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí gbogbo èèyàn jọ ń ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, èdè kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀: name:yo fún Yorùbá, name:fr fún Faransé. Kí fóònù fi ti èdè ẹni tó ni ín hàn, kí àwọn yòókù jáde bó bá tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ síbẹ̀. Mo rò pé a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ agboolé wa síbẹ̀ fúnra wa, kó má tún di pé iléeṣẹ́ kan jí lọ́jọ́ kan kó yọ wọ́n.

9. Ohun tí kò yẹ kó hàn rárá.

Ẹ yọ orúkọ agboolé, ṣùgbọ́n mo rí àmì kámẹ́rà, èyí tó ń sọ fún àlejò pé kó wá ya fọ́tò, lórí ibi kan tí àwọn obìnrin ilé wa kì í gbà kọjá lọ́jọ́ Orò. Mi ò ní sọ ibi tó wà. Irú ibẹ̀ yẹn, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà agboolé tó ni ín kí ẹ tó fi nǹkan kan sí i, bí wọ́n bá sì ní rárá, kó jẹ́ rárá.

Ohun tí mo ń bèèrè rèé. Kí òjò àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá gbogbo orúkọ àdúgbò, agboolé àti gbàgede padà, kí wọ́n máa hàn bí èèyàn bá sún mọ́ wọn. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ yọ síta, kí a lè wò ó bóyá ó pé. Ẹ kó àmì olówó kúrò ní ìwọ̀n 12. Ọ̀rọ̀ famasí òru ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe ṣáájú ohunkóhun tó kù, torí ẹ̀mí wà nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ lè dúró.

Kí ẹ tó tún gbé àtúnṣe mìíràn jáde, ẹ gbé e lọ sí Ouando lọ́sàn-án. Ẹ fún àwọn oní-zem àti àwọn ìyá ọlọ́jà ní fóònù tí kì í ṣe ti olówó, ẹ ní kí wọ́n wá famasí kan, agboolé kan, ọ̀nà kan tí omi kò sí. Ẹ má kọ́ wọn, ẹ má na ìka sí i, ẹ kàn dúró kí ẹ máa wò wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti fajú ro, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, màá tẹ̀lé yín lọ, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ má fi èsì ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Ẹ kọ ọ́ síta níbi tí àwọn tó ka lẹ́tà yìí ti lè kà á, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i.

Èmi ni,
akọ-pátákó kan ní Attakè, Àjàṣẹ́.